Ọta Àgbá láti Bọ́mà

Ní Kakuri, lẹ́yìnkùlé mi,
ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo fi bó ìdógùn-ún
lára ọta àgbá tí bàbá Tánímù gbé bọ̀ láti Bọ́mà.
Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ikùn ẹ̀ ṣófo;
àwọn ṣọ́jà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lu ihò sí i nídìí.
Síbẹ̀, Tánímù kì í jókòó tì í.
"Bàbá mi ò sọ ẹni tí èkejì ẹ̀ pa."

Mo kọ nọ́ńbà ẹ̀ sára páálí,
mo gbé e sórí pẹpẹ lẹ́bàá fèrèsé.
Ọyẹ́ da eruku bò ó, mo nù ún.
Lánàá, mo fẹ́ ki àkísà bọ̀ ọ́ lẹ́nu:
ẹyin ọmọńlé méjì,
funfun báláú.

Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé e,
ẹ̀rù ẹ̀ ò bà mí rí.