Èkù fún Ìka Mẹ́ta

Ìbọ̀wọ́ ni Sirkka kọ́kọ́ gbé lé orí tábìlì mi,
ìbọ̀wọ́ awọ, ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ti gbó,
ó ń rùn bí ẹja àti epo tírákítọ̀.
Ìka mẹ́ta rẹ̀ ti fẹ̀, wọ́n ti dà bí ìka ènìyàn.
Méjì yòókù, ti ìka òrùka àti ti ọmọńdinrín,
ṣì le gbagidi bí ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.
"Má sọ fún un o. Yóò pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀.
Gbogbo ọ̀bẹ ilé wa ló ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ní Kemijärvi níbí, ta ni kò mọ Reijo?
Òun ló ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi
kí n tó jí, láti ọdún tí bàbá mi ti kú.
Kì í kan ilẹ̀kùn. Kì í gba kọfí.
Bí mo bá yọjú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí.
Wọ́n ní ó lọ pa iná ìjà ní Lẹ́bánónì
nígbà tí irun rẹ̀ ṣì pupa,
fìlà búlúù àwọn apẹ̀tùsááwọ̀ lórí rẹ̀.
Wọ́n ní nǹkan kan bú gbàù lábẹ́ igi ólífì.
Wọ́n ní. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí.
Onílàjà ló gbọgbẹ́; àwọn oníjà ti relé lọ jẹun.

Mo yọ fáìlì kan nínú àpótí bàbá mi,
èyí tó fi ń pọ́n ayùn nínú igbó fún ogójì ọdún.
Mo finá sí i títí ó fi pọ́n bí ojú ẹyẹlé,
mo gbé e sórí owú, mo lù ú,
mo lù ú títí ó fi gbàgbé pé fáìlì lòun.
Nígbà tí mo tì í bọ epo, mo gbọ́ "tín-ín".
Ìró kékeré bẹ́ẹ̀! Mo gbé e síwájú àtùpà:
ó ti sán, láti ẹ̀yìn dé ojú.
Mo jókòó. Mo bú fáìlì, mo bú bàbá mi, mo jẹ búrẹ́dì.
Fáìlì kan ló kù nínú àpótí.

Ọ̀bẹ kì í mú mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀;
ẹlòmíì ní í gbẹ́ ẹ fún un.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ Reijo,
mo fi okùn so ìka méjì mi mọ́ àtẹ́lẹwọ́,
mo gbé bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì.
Mo bó ọ̀dùnkún, ó fò lọ bá ológbò.
Mo di okùn bàtà, mo sunkún díẹ̀,
n kò mọ ẹni tí mò ń sunkún fún.
Lọ́jọ́ kẹta mo mú ìwo àgbọ̀nrín
àti igi tí èèpo rẹ̀ funfun bí wàrà,
mo gbẹ́ èkù tí ikùn rẹ̀ yọ níbi tí ìka kò sí,
kí igi lè jókòó sí àyè tó ṣófo.

Ó fà á yọ nínú àkọ̀. Kò tilẹ̀ wo ojú irin náà.
Èkù ló ń tẹ̀, tó tún ń tẹ̀,
bí ẹni ń bọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ nínú òkùnkùn.
"Ta ló yá ọ ní ọwọ́ mi?"
Sirkka kọjú sí fèrèsé.

Níhìn-ín, a kì í gba ọ̀bẹ lọ́fẹ̀ẹ́,
kó má baà gé okùn ọ̀rẹ́.
Ó tọ àpò, ó gbé ẹyọ owó kan lé mi lọ́wọ́,
ó ti dán nítorí ìfọwọ́rà;
igi kédárì ni wọ́n yà sí i lára.
Kí n tó lanu, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gé ẹja fáwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀,
tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́.

N kò mọ̀ bóyá owó náà ṣì ṣeé ná.
Yìnyín bọ́ lóru àná. Mo gbọ́ ṣọ́bìrì,
mo sáré ṣílẹ̀kùn láìwọ bàtà.
Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni mo rí,
àti àkọ̀ tó ń fì ní ìbàdí rẹ̀.