Ìkìlọ̀ Mẹ́tàdínlógójì

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù ní Ìkéré,
Olósùnta dúdú lẹ́yìn fèrèsé bí ẹran tó sùn,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn.
Kọ̀ǹpáílà Wíńdòòsì ka ìkìlọ̀ mẹ́tàdínlógójì sí mi lọ́rùn.
Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń pè: strcpy, strcpy,
bí ẹni tí ń ka gbèsè síni létí lójú àlejò.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo lè kọ sókè fáìlì, ẹnu rẹ̀ á pa.
Ajíbóyè, tó kọ iṣẹ́ yìí kó tó gba Kánádà lọ,
ló ní, "Pa á lẹ́nu, jàre. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣiṣẹ́."

Òótọ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́
títí di Ọjọ́rú, tí nọ́ọ̀sì Adéríyìkẹ́
tẹ orúkọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kan, Ọlọ́runtóbilọ́ba.
Yàrá ogún ni Ajíbóyè kọ́ fún orúkọ.
Lójú tiwa, lẹ́tà mẹ́rìnlá ni;
lójú ẹ̀rọ, àmì orí ń gbàyè, àmì abẹ́ ń gbàyè,
ó di márùndínlọ́gbọ̀n.
strcpy kò wọn igbá kó tó da omi.
"ba" tó kẹ́yìn ya bo yàrá kejì, níbi tí a kọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ sí.
Adéríyìkẹ́ gbójú sókè: "Ẹ̀jẹ̀ wo ló ń jẹ́ ba?"

Ìkìlọ̀ náà fi arọ́pò hàn mí. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀,
mo gbé e dé orí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lò ní Ìgbàrà-Odò.
Línọ́ọ̀sì wò mí: n kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá rẹ́rìn-ín.
Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ará Ọ̀yọ́, ń pè é ní ilé,
ìyá mi ní ulé ni.
Ó ní iṣu, ìyá mi ní usu.
Òjò tó ń lu páànù wọn kò béèrè èwo ló tọ̀nà.

Mo wá kọ tèmi, mo sọ ọ́ ní rora_da,
àmì kankan kò sí lórí rẹ̀, kí ẹ̀rọ méjèèjì lè pè é.
Ó ń béèrè bí igbá ṣe fẹ̀ tó kó tó tẹ ìkòkò.
Bí kò bá gbà, ariwo ló ń pa;
kì í gé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí méjì ní bòńkẹ́lẹ́.
Fáìlì kan ṣoṣo ló ń bi ara rẹ̀ pé, ulé ta la wà lónìí?
Ìyókù kò ní láti mọ̀.

Ìkìlọ̀ ku méjì. N kò tíì mọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ.
Epo jẹnẹrétọ̀ tán.
Nínú òkùnkùn mo tún orúkọ ọmọ náà tẹ̀, tòun tàmì,
mo sì dúró kí n rí ibi tí yóò parí sí.