Ojú Ìwé Igba-ó-lé-mẹ́rìnlá

Ní Hamilton, lọ́wọ́ alẹ́, bí yìnyín bá ń bọ́ lójú fèrèsé,
èmi ni mo máa ń kàwé fún Bàbá Carmelo.
Ojú ti lọ, etí kò tíì lọ.
Ìtàn ọ̀daràn nìkan ló ń fẹ́:
ìdílé méjì, èbúté kan,
ta ni yóò máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù.

Bí mo bá kà pé ìbọn dún gbàù,
á ní, "Irọ́ ni. Bí ẹni pa ilẹ̀kùn dé ló ń dún."
Bí mo bá kà pé ọ̀gá wọn wọ kóòtù funfun,
á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gbé e:
"Ọ̀gá wo? Ṣòkòtò tó ti gbó lórúnkún ló ń wọ̀.
Tòmátò ló ń gbìn lẹ́yìnkùlé."

N kì í bèèrè bó ṣe mọ̀.
Oògùn rẹ̀ àti aṣọ ibùsùn rẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún,
ìyá mi sì ti wí tipẹ́:
ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àfi ìgbà tí a dé ojú ìwé igba-ó-lé-mẹ́rìnlá.
Ọmọ tó ń wa mọ́tò fún wọn,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
sọ̀ kalẹ̀ kó lọ ra sìgá.
Ọwọ́ bàbá wá ìwé náà rí lórí itan mi,
ó pa á dé.
Ó dún bí ilẹ̀kùn.

"Fo ibẹ̀ yẹn. Kì í mu sìgá.
Mílíìkì ló lọ rà fún ìyá rẹ̀."

Mo fò ó. Mo gbé tíì wá.
Kò jẹ́ kí n da mílíìkì sí i.