Àpótí Tútù

Ìgò kékeré ni, kò gùn tó ìka ọwọ́ mi,
omi inú rẹ̀ kò kún ẹnu ẹyẹ.
Síbẹ̀, Bimkala nọ́ọ̀sì ní kí n gbé e bí ẹyin:
"Kalbir, ooru kò gbọdọ̀ kàn án,
kò sì gbọdọ̀ di yìnyín."
Mo ní, oògùn wo ló ṣòroó tọ́jú bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé?
Ó dárúkọ rẹ̀: ọksitósìn.
Orúkọ náà há mi lẹ́nu.

Ọjọ́ kan àtààbọ̀ la fi rìn láti Jumla.
Òjò ti wó afárá onígi,
a gba ti okùn irin,
odò Tila ń bú ramúramù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa,
mo gbá àpótí mọ́ àyà bí ẹni pọnmọ síwájú.

N kò sọ fún un pé mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi bí Manrupa.
Wọ́n ní kí n lọ pọnmi.
Mo pọnmi dé, ẹní ti pọ́n,
ilé ti dákẹ́.
Ìgò kan péré ni kò sí.

Rupsara bímọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́.
Ibi ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, kò dúró.
Bimkala nawọ́ láìwẹ̀yìn: "Àpótí!"
Abẹ́rẹ́ wọ itan.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilé ọmọ lábẹ́ ìdodo:
ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò,
ó rọ̀,
ó ṣì rọ̀,
ó le bí ẹ̀ṣẹ́.
Ẹ̀jẹ̀ gbọ́ràn.

"Ẹ gbé ọmọ sọ́mú," ó ní.
"Irú omi yìí kan náà ń bẹ nínú ara ìyá,
ẹnu ọmọ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."
Ọmọ fà. Ìyá wolẹ̀, ó wò ó,
bí ẹni tó rí ojú tó ti ń wá kó tó dáyé.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ti sọ fún wa pé
nílùú ńlá, wọ́n ń fín in símú àwọn àjèjì
láti wò ó bóyá wọn á fọkàn tán ara wọn;
nígbà míì ó jọ pé ó jẹ́, nígbà míì kò jọ ọ́.
Ìyá àgbà Rupsara rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
"Kí wọ́n jọ gba odò yìí kọjá ná."

Àpótí fúyẹ́ nígbà tí à ń bọ̀.
Lálẹ́, mo pe Manrupa,
àbúrò tí n kò wò lójú rí láti kékeré.
N kò rí nǹkan kan sọ.
Òun náà kò sọ̀rọ̀,
ṣùgbọ́n kò pa fóònù.