Ẹṣin Tí Kò Gbórí Sókè

Ọdún kẹta rèé tí ẹṣin abẹ́ ilẹ̀ ti dorí kodò.
Ó yẹ kó gbórí, kó fọn imú, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná
bí ọkọ̀ àwọn èrò bá ti yí kọ́nà kejì.
Fons mẹkáníìkì ní irin kan ló kán lọ́rùn rẹ̀,
irin tí kò ju ìka ọmọdé lọ,
ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọ́ ní Jámánì sì ti kógbá sílé.
Ẹṣin wa ń wolẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù.

Ihò èédú tí a fi pákó kọ́ kò bú gbàmù mọ́.
Ẹ̀rọ èéfín a wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ó tán.
Omi tó ń ya láti òkè ti di tó, tó, tó.
Gbohùngbohùn nìkan ni kò tíì gbọ́ ìròyìn:
"Ẹ di ara yín mú! Iná ń bọ̀! Ẹṣin ti já!"
Èmi ni mo ń tẹ bọ́tìnnì tí irọ́ yẹn fi ń jáde,
ogójì ìgbà lóòjọ́,
ọgọ́ta tó bá di Sátidé.

Ẹ̀rù là ń tà níbí.
Ẹni tó sanwó ẹ̀rù, tí a wá gbé ẹrù lásán lé lọ́wọ́,
ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú?

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ń jiyàn lórí ìlà lánàá.
Ọ̀kan ní, "Ó ti bàjẹ́. Ọkọ̀ tí kò ní ìtàn nínú,
kí ló fi yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ?"
Èkejì ní, "Ojú nìwọ fi ń gùn ún, ikùn lèmi fi ń gùn ún.
Ikùn mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹṣin wà níbẹ̀."
Mo ti irin mọ́ àwọn méjèèjì láyà, mo rán wọn wọ òkùnkùn.
Igbe kan náà ni wọ́n ké.

Èmi rí i nígbà tó ṣì ń gbórí.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo tọ̀ sára.
Ẹni tí kò rí i rí kò mọ̀ pé nǹkan sọnù,
èmi ni mò ń ṣọ̀fọ̀ fún un láìjẹ́ pé ó bẹ̀ mí.

Lẹ́yìn òjò ni Noortje dé, òun àti Giel bàbá rẹ̀ àgbà.
Ó pé ọdún méje lọ́jọ́ náà.
Káróòtì kan wà nínú àpò ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.
Nígbà tí wọ́n jáde, káróòtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Kò wò mí," ló wí.

Giel bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá tirẹ̀ wa èédú nílẹ̀ Límbọ̀ọ̀gì yìí
kí wọ́n tó ti ihò wọn pa.
Ó ní, "Ẹṣin abẹ́ ilẹ̀ kì í gbórí, ọmọ mi,
òrùlé sún mọ́ ọn jù. Bàbá mi ló sọ fún mi.
Bó ṣe wà yẹn gan-an ni wọ́n ṣe máa ń wà."
Ara mi bù máṣọ. Àṣé ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ló ń purọ́!

Ṣùgbọ́n Noortje na ìka sí àwòrán ara ògiri,
níbi tí ẹṣin ti gbórí, tí imú rẹ̀ ń rú èéfín:
"Kí ló dé tí wọ́n wá yà á báyìí?"
Giel wò mí. Mo wo bàtà mi.

Ó fi káróòtì náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi.
Lálẹ́, nígbà tí a ti pa iná, mo fẹsẹ̀ rìn wọ inú ihò,
mo gbé e síwájú pátákò ẹṣin, níbi tí ojú rẹ̀ ń wò.
Òórùn ọ́ìlì, omi ń kán, kò sí ohùn kankan.
Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, eku ti jẹ ìdajì.
Mo fi ìdajì tó kù sílẹ̀ níbẹ̀.
Èrò ti tò.
Mo tẹ bọ́tìnnì.