Èyí Tí Ó Ní Àmì Funfun

Rántímí àbúrò mi gun àkàbà ní kùtù hàì,
ó kó ìgò kútẹ́ẹ̀sì mi méjèèjì lọ sábẹ́ òrùlé,
pupa àti funfun, èyí tí mo rà fún ìgbéyàwó
tí kò wáyé mọ́.
Ilé bàbá wa ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà,
páánù rẹ̀ ti dípẹtà,
agbọ́n mẹ́fà ló wà lórí ìtẹ́
tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

"Àǹtí," ó ní, "obìnrin ni gbogbo wọn.
Gbogbo wọn ló lè bí.
Ẹyọ kan ló ń bí."

Ó ti kán pupa sẹ́yìn èyí tó ń bí.
Mo pè é láyaba, Rántímí kọ̀:
ayaba wo ni yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣọ́ ibùsùn?
Pupa kì í jìnnà sí ihò ẹyin.
Bí èyíkéyìí bá pẹ́ jù nítòsí ihò tó ṣófo,
a fò mọ́ ọn, a gé e jẹ lẹ́sẹ̀,
títí yóò fi dojú bolẹ̀
bí ìyàwó tuntun níwájú ìyálé.

Funfun ni mo ń wò ní tèmi.
Funfun ló ń jáde lówùúrọ̀ sínú oko kòkó Bàbá Fáníyì,
tó ń pa kòkòrò ewé, tó ń rún un, tó ń pín in
fún ìdin tí kì í ṣe tirẹ̀,
títí etí ìyẹ́ rẹ̀ fi ya bí aṣọ àlòkù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Pupa yíjú sí apá kejì.
Funfun ki ìdí bọ ihò, ó yé ẹyin kan.
Mo rí i. Mo di àkàbà mú.
Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, Pupa ti dé,
ó fa ẹyin náà yọ, ó jẹ ẹ́,
ó yé tirẹ̀ sójú ibẹ̀.
Funfun nu ojú. Ó fò lọ sóko.

"Kí ló dé tí kò kúrò?"
Rántímí ń kọ nǹkan sínú ìwé, kò gbójú sókè.
Ó ní èyí tó bá dá nìkan kọ́lé, èèrà ni yóò jogún rẹ̀.
Ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ kan náà
ló wà lára ìdin tó ń bọ́ yẹn.
Ó ní, àti pé, Pupa ò ní wà títí.
Ó sọ èyí tó kẹ́yìn bí ẹni ń dá iye owó ọṣẹ.

Adétòún ẹ̀gbọ́n wa ké láti yàrá:
"Ẹ bá mi gbé ọmọ yìí o!"
Mo gbé e. Èmi ni mo máa ń gbé e.
Ọmọ kẹrin. Mo mọ eyín tó kọ́kọ́ yọ
lẹ́nu àwọn mẹ́ta tó ṣáájú.
Wọ́n ní ẹnìkan níí bímọ, igba ènìyàn níí tọ́ ọ.
Kò sẹ́ni tó bi àwọn igba náà
bóyá wọ́n ti fẹ́ bí tiwọn rí.

Alángbá gbé Pupa lóṣù Ọ̀wàrà.
Mo rò pé ìtẹ́ yóò tú.
Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán
tí Funfun ti dúró síbi tí Pupa ń dúró,
tó ń gé àwọn yòókù jẹ lẹ́sẹ̀.
Ẹyin Pupa tó kù, ó jẹ wọ́n.
Ìdin tó ti dàgbà, tí òun fúnra rẹ̀ bọ́, ó dá wọn sí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.
Adétòún ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà,
ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì,
ó mú ìka mi, ó wò ó.
"Ta ló lo kútẹ́ẹ̀sì rẹ tán?"
Mo ní agbọ́n ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.
Àwa méjèèjì la jọ dìde.