Ibi Tí Irin Mi Mọ

Agogo mẹ́ta òru ni mo máa ń jí ní Baraga.
Ọkọ̀ ìkóyìnyín ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń wà,
irin gbàǹgbà níwájú rẹ̀ bí ètè ẹni tó ń bínú.
Mo gbá ọ̀nà tán, mo wẹ̀yìn,
funfun ti tún bò ó.
Ọdún kọkànlélógún rèé. Mi ò bá yìnyín jà mọ́,
mo kàn ń jí ni.

Arvid ọmọ mi wà ní Houghton, ní yunifásítì.
Òkúta ló ń kọ́ nípa rẹ̀. Ẹni ogún ọdún,
jẹjẹrẹ sì ti bá a gbé inú ẹ̀jẹ̀ rí.
Wọ́n ní ó ti kó jáde.
Dókítà Pruett tẹ́ ìwé síwájú wa ní Marquette:
“Ẹ̀rọ wa kò rí i mọ́,
àmọ́ a ó ṣì lo oògùn fún ọdún méjì.
Ohun tí ẹ̀rọ kò rí, kò túmọ̀ sí pé kò sí.”
Mi ò bi í ní nǹkan kan.
Mo mọ yìnyín tó dì mọ́ títì láìní àwọ̀,
tí ọkọ̀ ń tibẹ̀ wọ adágún.

Oògùn alaalẹ́, hóró kan àti ààbọ̀,
kì í bá mílíìkì rìn.
Ní Ọjọ́bọ̀, òmíràn, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, aláwọ̀ ìyeyè.
Lóṣù lóṣù, abẹ́rẹ́,
àti ọjọ́ márùn-ún oògùn tó ń sọ ọ́ di àlejò:
ó jẹ ẹyin mẹ́sàn-án láago méjì òru,
ó sunkún nítorí ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù,
ó bú mi lórí fóònù, ó tún pè padà, kò lè sọ̀rọ̀.
Àwa méjèèjì ń gbọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin
mo máa ń di imú rẹ̀ kí ó tó gbé oògùn ikọ́ mì.
Nísinsìnyí ó nírùngbọ̀n, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún hù,
ó rọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìẹ.
“Mọ́mì, ẹ má bi mí mọ́.
Tí ẹ bá ti ń bi mí, ń ṣe ló dà bíi pé ẹ̀yin lẹ ń ṣàìsàn yìí.”
A jọ dúnàádúrà.
Láago mẹ́sàn-án alẹ́, èmi á fi àmì ìdánudúró kan ránṣẹ́,
kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Òun á fi tirẹ̀ dáhùn.
Ó ti lé ní igba alẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kò dáhùn.
Mẹ́sàn-án lù. Mẹ́wàá lù. Mo fọ ife kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ lọ́sẹ̀ náà.
Ibà ni wọ́n ní ká bẹ̀rù,
ibà, ká má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Láago mẹ́ta mo gun ọkọ̀, mo gbá títì lọ sápá àríwá,
létí adágún, títí dé pátákó ààlà.
Ibẹ̀ ni irin mi mọ.
Níwájú, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ni, awakọ̀ mìíràn ni.
Mo dúró. Iná orí ọkọ̀ ń yí, ó ń pọ́n yìnyín lójú.
Ọkọ̀ kan yọ lódìkejì,
ọkùnrin kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tó dé fìlà olómi ọsàn.
Ó nawọ́ sí mi, ó yí padà,
ó sọ irin tirẹ̀ kalẹ̀,
ó ń gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ ọmọ mi lọ.

Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó. Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi.
Àmì ìdánudúró kan.
Lẹ́yìn náà: “Oorun ló gbé mi lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó ni. Ẹ má bínú.”
Lẹ́yìn náà: “Ṣé yìnyín pọ̀ lọ́dọ̀ yín?”

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Ìka mi ń wá gbogbo ọ̀rọ̀ ayé.
Mo kọ ọ́ pé, “Ó pọ̀ díẹ̀.”
Mo yí ọkọ̀ padà.
Ibi tí mo gbá ti tún funfun láúláú.
Mo sọ irin kalẹ̀.